Tákàbà Adìẹ

"Ẹ jẹ́ kí n rì í sómi, Ìyá Najeem." Sìdíkátù, aládùúgbò wọn, ti gbé garawa omi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Bí ìdí rẹ̀ bá tutù, yóò gbàgbé àsàba. Kò sí àkùkọ nínú ilé yìí mọ́. Ẹyin òfìfo ló ń sàba lé."

Àtọ́kẹ́ na ọwọ́ dí i lọ́nà. Adìẹ náà wà nínú agbọ̀n ògbólógbòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó fẹ ìyẹ́, ó ń kùn.

"Fi í sílẹ̀, Sìdí. Ṣé ìwọ lò ń bá a sàba ni?"

"Mo ti mọ̀. Ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ ń ṣe tákàbà."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Ládépọ̀ ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ó ti ń ṣe tákàbà, tí ó jókòó opó sílé, Àtọ́kẹ́ kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ládépọ̀ ló ni adìẹ. Ìyá rẹ̀ ló gbé ìran wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìran náà kò sì parun ní Sokoura, àdúgbò wọn ní Bouaké ní Ivory Coast, kódà nígbà ogun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú náà. Àfi ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ládépọ̀ ni ó fẹ́ parun. Àtọ́kẹ́ ní òun kò ní fi adìẹ inú yìnyín ṣe àwọn tó wá ṣàdúrà fún ọkọ òun lálejò, ni wọ́n bá mú àkùkọ kan ṣoṣo tó kù pa. Wọn ò tíì jẹ ẹran náà tán tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń dùn ún. Gbogbo ẹyin tó wà nínú agbọ̀n yìí, lẹ́yìn ìgbà náà ni adìẹ yé wọn.

Najeem ọmọ rẹ̀ sì ti pè láti Abidjan: "Màmá, bí tákàbà bá parí, mo máa wá kó yín. Ẹ pa adìẹ yẹn jẹ. Appartement nínú ilé alájà ni mò ń gbé, wọn kì í sin adìẹ níbẹ̀."

Nígbà tí Sìdíkátù lọ tán, Àtọ́kẹ́ ń wo fèrèsé páànù ilé ìdáná. Ihò ìṣó kan wà lára rẹ̀ tí oòrùn máa ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni Ládépọ̀ máa ń gbé ẹyin sí, á ti ilẹ̀kùn, á ní, "Àtọ́kẹ́, wá wò ó." Èyí tó bá ní ẹ̀mí, á fi èédú sàmì sí i. Àtọ́kẹ́ á sì fèsì láti ìta pé, "Bàbá Najeem, kéwú wo lẹ ń kà lára ẹyin?" Kò lọ wò ó rí. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ gan-an.

Ó rántí ohun kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ: "Bí àkùkọ bá lọ sí ìlú Djébonoua, ohun tó fi sára adìẹ kì í bá a lọ. Ó ń pẹ́ kí ó tó tán."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ẹyin kan sí ojú ihò náà: ó mọ́lẹ̀ gbòò, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìkejì náà, òfìfo. Ó mú ìkẹta. Iṣan pupa tín-ín-tìn-ìn-tín ta kiri inú rẹ̀, ohun dúdú kékeré kan sì wà láàárín wọn. Ohun náà mira.

"Bàbá Najeem," ló pariwo, "ẹ wá wò ó!"

Ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wá èédú nínú ààrò, ó sàmì sí ẹyin náà, ó dá a padà sábẹ́ adìẹ. Adìẹ náà fẹnu ṣá a lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí fóònù dún.

"Màmá, ṣé ẹ ti pa adìẹ yẹn?"

"Adìẹ bàbá ẹ ń pamọ bọ̀, Najeem. Bí tákàbà bá parí, máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n má wá kó mi. Wáyà ni kí o bá mi rà dání, ká fi ṣe ilé fún àwọn òròmọdìẹ."