Mita Tí Wọ́n Ń Gbá Kó Tó Sọ Òótọ́

Àyà obìnrin náà já nígbà tó rí ẹni tó gbé mita tí wọ́n fi ń wọn iná inú wáyà wọlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ń gun òpó tún wáyà iná ṣe, tó ga débi pé Agùntáṣọólò ni obìnrin náà ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Òun náà ló bẹ ọ̀gá yàrá ìdánwò yìí kó tó gba obìnrin náà síṣẹ́. Òní gan-an sì ni ọ̀gá kọ́kọ́ ní kó máa dán mita wò fúnra rẹ̀: mita tó bá péye, kó lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, èyí tó bá ń parọ́, kó lẹ pupa.

"Ìyàwó, tètè dá mi lóhùn o. Àwọn èèyàn mi ti wà nídìí òpó."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

Ó so mita náà pọ̀ mọ́ mita àgbà, èyí tí wọ́n fi ń dán gbogbo ìyókù wò, ó tanná sí i. Mita àgbà fi nọ́ńbà igba hàn. Abẹ́rẹ́ ti Agùntáṣọólò gbéra, ó ń gòkè bọ̀, ó wá há sórí ọgọ́jọ. Obìnrin náà paná, ó tún un tàn. Ibẹ̀ náà ló há sí.

Agùntáṣọólò na ìka kọjá orí tábìlì, ó ta gíláàsì rẹ̀ pó. Abẹ́rẹ́ fò, ó bọ́ sórí igba géérégé.

"Ṣó o rí i? Ó kàn lágídí bíi bàbá àwọn ọmọ ẹ ni. Téèyàn bá ti gbá a díẹ̀, á sọ òótọ́."

Àwọn tó gbé mita tiwọn wá, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fojú wá ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mú un wá síṣẹ́ ni yóò wá kọ́kọ́ dá padà? Kí ni wọn óò sọ nílé?

"Ọkọ mi, ẹ má bínú." Ó na ìka sí mita náà. "Lórí òpó… ọwọ́ kan lẹ fi ń di òpó mú. Ìkejì lẹ fi di mita. Èwo lẹ máa fi gbá a? Tó bá wá lọ há sórí òdo lọ́jọ́ kan, tíná sì wà nínú wáyà ńkọ́?"

Agùntáṣọólò wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Obìnrin náà mú bébà pupa. Ó lẹ̀ ẹ́ wọ́, àmọ́ ó lẹ̀ ẹ́.

"Ó dá ẹ lójú?" ọ̀gá bi í.

"Ó dá mi lójú, ọ̀gá."

Agùntáṣọólò yọ fóònù. "Ẹ má tíì gun òpó ná. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà. Mita mi ò yege… Rárá, kì í ṣe ọ̀gá ló dá a padà." Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbóhùn sókè. "Ìyàwó wa ni. Ìyàwó ilé wa gan-an."

Orí obìnrin náà wú débi pé kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ó na ọrùn díẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn gbé tiẹ̀ wá.