Iná Tí Ṣàrífátù Kò Rí

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, ìyàwó mi, Ṣàrífátù, kú lójú títì Ekpè. Apá òsì ni alùpùpù tó pa á ti wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Kútọnu, torí èjìká òsì rẹ̀ ń gbá ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé lédè Faransé: kí ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí ó tẹjú mọ́ àárín, kí ó tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tó bá rí iná kékeré. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi tèmi kún un: “Má dójú tì mí. Má jẹ́ kí ọ̀kankan kọjá.”

“Bàbá Mùbárákù, ṣé ìdánwò sètífíkà ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ìwé jáde, nọ́ọ̀sì ní ibi tí ojú kò bá ríran ló máa ń dúdú lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìwé yìí, torí Ṣàrífátù ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí iná kò tàn rárá. Ó ní kí a padà wá tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀.

Lójú ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé.

“Ẹ̀rọ yẹn máa ń dún kí iná tó tàn. Bó bá ti dún, mo tẹ̀ ẹ́. N kò rí nǹkan kan lápá òsì, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọ̀kankan má kọjá.”

Ojú nọ́ọ̀sì náà ń tì mí. N kò mú un padà lọ.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: bàtà ẹsẹ̀ kan, tẹ̀súbáà, ìborùn funfun méjì, káàdì Ọjọ́bọ̀, àti ìwé àyẹ̀wò tí apá òsì rẹ̀ funfun bí ojú tó dá ṣáṣá.