Ìgò Oyèníkẹ́

Èmi Ọláyọdé, alàgbà ìjọ Aládùúrà ní Sabon Gari, agídí mi pọ̀ ju ọgbọ́n mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Bí ẹni méjì bá jà nínú ìjọ wa, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò mú ìgò wá. Òun á bu omi sí i, èkejì á bu òróró sí i, èmi á gbàdúrà, màá sì mì ín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, omi àti òróró dàpọ̀, ó funfun bíi wàrà. Gbogbo ìjọ wólẹ̀. Ni mo bá sọ ọ́ di òfin: bí wọn kò bá ti dàpọ̀, ẹni tó mú ìgò wá kò tíì dárí jini.

Oyèníkẹ́, ọmọ ìjọ wa, ń se oúnjẹ tà ní Enugu Road ládùúgbò wa. Ruth àbúrò rẹ̀ bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì wá bẹ̀bẹ̀. Oyèníkẹ́ gbà. Ó fọ ìgò, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń dán. Mo mì ín títí apá fi ń ro mí, òróró léfòó. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ pé ó ṣì ń di kùnrùngbùn sínú. Ruth gbà mí gbọ́. Kò yà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ títí Ruth fi kú lọ́dún tó kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, Ìdùnnú ọmọ ọmọ mi ń ka ìwé kẹ́mísìrì. Ó ní gbogbo ẹyọ omi, tí ojú kò lè rí, ló ní ìhà méjì, ọ̀kan pọ́sítíífù, èkejì nẹ́gátíífù. Ìyẹn ni omi fi ń di omi ẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Òróró kò ní irú ìhà bẹ́ẹ̀, omi ò ríbi dì í mú. Mo sọ ti ìgò àkọ́kọ́ fún un. Ó bi mí bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Mo ní ìyá tó mú un wá sáré fọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìfófòó ṣì wà lára rẹ̀.

“Bàbá, na soap,” ó ní. “Ọṣẹ máa ń fi ọwọ́ kan hold omi, á fi ìkejì hold òróró.”

Ìmọ́tótó Oyèníkẹ́ ni mo fi dá a lẹ́bi.

Mo wá a lọ sí àdúgbò Yankaba tó kó lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó wọlé, ó gbé ìgò ọjọ́ náà jáde, òróró lókè, omi nísàlẹ̀.

“Àràárọ̀ ni mò ń mì ín, Bàbá,” ó ní. “Mo rò pé mi ò tíì dárí jì í tán ni.”