Nígbà Tí Awó Dákẹ́

Aránṣọ náà ju bàtà lu awó tó ṣáájú, ó fi ìgbálẹ̀ lé àwọn márùn-ún yòókù wọ ilé adìẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. "Ẹ máa sinmi báyìí," ló wí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń han gooro, abẹ́rẹ́ sì ti gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ìyàwó ló ń rán, ìrọ̀lẹ́ yìí sì ni wọ́n máa wá gbà á.

Àwọn adìẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Òótọ́ ni pé àwọn àti awó jọ ń jẹ̀ káàkiri ọgbà, ṣùgbọ́n adìẹ ṣe é bá gbé. Ní ti awó, bí ewé bá já bọ́, ó dẹjọ́. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn wọn. Bàbá a ní awó kì í pariwo lásán, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Aránṣọ kò bá a jiyàn mọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń ra ẹyẹ láìsọ fún un.

Òkùnkùn pa awó lẹ́nu mọ́. Ara tu aránṣọ débi pé ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹlẹ́yẹ tó dé.

"Àǹtí, àwọn awó dà?"

"Wọ́n wà nínú ilé adìẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kó wọn kí Bàbá tó jí."

Bí ẹlẹ́yẹ ṣe ṣílẹ̀kùn, awó kan yọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sá lọ sígbó. Ẹ̀yìn ilé adìẹ ló gbà lọ, ó sì tún figbe ta. Aránṣọ gbé ìgbálẹ̀ tẹ̀lé e.

Bàbá ló wà nílẹ̀, láàárín ilé adìẹ àti ògiri, tí itan rẹ̀ yí síbi tí itan kì í yí sí. Ṣíbí onígi gígùn tó fi ń kó ẹyin awó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í tọwọ́ bọ ìtẹ́ wọn, kí wọ́n má baà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àgbàdo ti dà lọ́wọ́ rẹ̀. Adìẹ mẹ́ta ń ṣà á jẹ láàárín ìka rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbálẹ̀ já bọ́. 

"Bàbá mi."

Bàbá lajú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ láàárọ̀," ló wí. "Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo ní o ti rí mi nìyẹn."

Ẹlẹ́yẹ ti sáré lọ wá ọkọ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó lé àwọn adìẹ kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Awó náà ṣì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aránṣọ kò sọ fún un pé kó dákẹ́.