Abẹ́rẹ́ Kan ní Alẹ́ César

"Jókòó, Sylvaine. Mo ní kí o jókòó!"

Yvon di apá aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Obìnrin kan tó ki ẹ̀rọ bọ etí ti lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí kámẹ́rà má baà rí i. Síìpù ẹ̀yìn aṣọ òṣèré Apolline Destrez ti bẹ́, láti ọrùn dé ìbàdí. Òun gan-an ló sì fẹ́ gun orí ìtàgé láìpẹ́ láti pe ẹni tó gba César, ère ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Faransé, fún aṣọ eré. Ó ń sunkún lẹ́yìn ìtàgé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun àfi Sylvaine.

"Ṣé kò sí aránṣọ mìíràn ní gbogbo Paris ni?" Yvon bi í. "Ìyàwó mi wà lára àwọn tó ń dù ú! Bí wọ́n bá wá pè é tí kò sí níbí ńkọ́?"

"Wọn ò ní pè mí," ni Sylvaine dá a lóhùn. "Ìgbà wo ni wọ́n pè mí rí?"

Òótọ́ ló sọ. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti yan Sylvaine Morvan mọ́ àwọn tó ń du ère yìí, ìgbà mẹ́jọ náà ló sì ti pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn, tó ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Èyí ni ìkẹsàn-án. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn: bí wọ́n bá tún fò ó lọ́tẹ̀ yìí, yóò palẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́, wọn yóò sì kó lọ sí Cancale létí òkun, níbi tí ọkọ̀ ìpẹja kékeré Yvon wà. Kò wu Sylvaine láti lọ rárá. Ṣùgbọ́n ojú ti ń tì í láti máa jókòó nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́dọọdún bí àlejò tí wọn ò gbé oúnjẹ fún.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, Yvon ti tú àpamọ́wọ́ Sylvaine wò. Ó kó òwú àti abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, ó sì ju sísọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀. "Lálẹ́ òní, o kì í ṣe télọ̀ ẹnikẹ́ni," ló wí. Kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú òwú dúdú ti wà lábẹ́ kọ́là aya rẹ̀.

Sylvaine rọra já apá rẹ̀ gbà. "Mo ń bọ̀."

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni mo ti ń gbọ́ 'mo ń bọ̀'!"

Wọn kì í jẹ́ kí àga ṣófo níbẹ̀, nítorí tẹlifíṣọ̀n. Kí àga Sylvaine tó tutù, ọkùnrin apárí kan tí wọ́n gbà láti máa dí àyè ti wá jókòó sínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí Yvon. Yvon gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtàgé, Apolline di ọwọ́ Sylvaine mú. "Ẹ gbà mí o! Gbogbo Faransé ló máa rí ìdí mi lálẹ́ yìí!"

"Gbogbo Faransé ti rí i nínú fíìmù tó kọjá. Fa ikùn wọlé, má mí."

Ó ń rán an kíákíá. Ó kù díẹ̀ kó dé ìbàdí nígbà tí obìnrin ẹlẹ́rọ-etí yọjú. "Ó yá, wọ́n ti ń pè yín!"

"Kò tíì parí! Bí mo bá já òwú yìí báyìí, gbogbo rẹ̀ ló máa tú."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ nìyẹn," ni Apolline wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, Apolline níwájú, Sylvaine lẹ́yìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó ń rán aṣọ lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni wọ́n pète. Ojú àwọn tó ń du ère náà hàn gàdàgbà lára ògiri, ṣùgbọ́n níbi tí ojú Sylvaine ì bá wà, apárí ló ń juwọ́. Yvon fọwọ́ bojú.

Apolline ya àpòòwé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó fẹ́ yíjú padà, òwú fà á dúró.

"Ẹ má wá a kiri," ló wí. "Ẹ̀yìn mi ló wà. Sylvaine Morvan!"

Sylvaine ta kókó, ó fi eyín já òwú, ó sì bọ́ síta gbangba. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ariwo náà pọ̀ débi pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Apárí dì mọ́ Yvon, Yvon náà kò sì tì í dànù, èjìká rẹ̀ ló ń sunkún sí.

Ìgbà mẹ́jọ ló ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí kò rí kà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ ohunkóhun. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó gbé ère idẹ náà mọ́ àyà, ó sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Yvon, mo sọ fún ọ pé mo ń bọ̀."

Nígbà tí Yvon wá a dé ẹ̀yìn ìtàgé, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a lẹ́yìn Apolline, tó ń parí ìbàdí aṣọ náà, ère lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yvon gbé e wò. "Ó mà wúwo o."

Sylvaine na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹni tó wà níbẹ̀. "Ẹ bá mi wá nǹkan tí màá fi gé òwú."

Yvon ki ọwọ́ bàpò, ó yọ sísọ́ọ̀sì kékeré náà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Òkun ò ní sá lọ," ló wí.