Lẹ́tà Tó Ní Orúnkún

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá ọ̀sán yìí fún yín. Ẹ mọ kọ̀ǹpútà tí mò ń tò nílé, kó lè máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin wa? Ó kọ̀, kò rán nǹkan kan, Sọ́ńdè sì ti dé tán. Nínú àlá, àwọn ímeèlì náà di lẹ́tà tó ní orúnkún, wọ́n tò sẹ́nu géètì. Màmá wa ló ń ṣọ́ géètì ọ̀hún.

"Ọmọ ta lẹ jẹ́? Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni?"

Mo bá ń kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárúkọ mi: "Ẹ káàsán, mà. Ọmọ Ṣadé ni wá." Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí géètì, gbogbo wọn sáré jáde. Ó wá ku ọ̀kan tí orúnkún rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀ láti fi hàn án, ni mo bá jí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń kí ògiri.