Ọjọ́ Mẹ́ta Lẹ́yìn Òǹtẹ̀

4.
…torí náà èmi ni mò ń bá a ka ọjọ́ tí wọ́n gbà á láyè láti lò lẹ́yìn ẹnubodè. Rifet ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Bosnia lọ sí Jámánì. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n kà. Irọ́ ni. Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é.

5.
ÌKÌLỌ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ wọn:
ÀÁDỌ́RÙN-ÚN ỌJỌ́ PÉRÉ NÍNÚ ỌGỌ́SÀN-ÁN.
Ọjọ́ tí o wọlé wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí o jáde wà nínú rẹ̀.
Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan lé e, wọ́n lè tì í síta fún ọdún gbọọrọ.

6.
Ohun tí mo kọ sára kàlẹ́ńdà:
Ó ti lo mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó ku mọ́kànlá.
Òǹtẹ̀ ìjáde nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀: ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta.
Ọjọ́ tó wọlé bá mi: ọjọ́ kẹfà.
Láti ẹnubodè dé ilé wa: ogójì ìṣẹ́jú.

7.
Mo tún un kà. Mo fi ìka kà á.

8.
Mo pe Enver, ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún wọn.

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ Rifet bàjẹ́ lọ́nà ni?
ENVER: Rárá o. Ọjọ́ kejì oṣù ló ti já ẹrù tán.
ÈMI: Ó wá gba ibo lọ?
ENVER: Ilé kẹ̀. Mirsada ìyàwó wa, ẹ má fi mí sáàárín tọkọtaya.

Mi ò tíì sọ pé ìjà wà.

10.
Mo gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀. Epo ọkọ̀. Kọfí. Kò sí òórùn obìnrin kankan.

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

11.
Nídìí pita, páì tí mo fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú:

ÈMI: Ọjọ́ mẹ́ta.
RIFET: Ọkọ̀ pọ̀ ní ẹnubodè.
ÈMI: Òǹtẹ̀ ní o ti kọjá.
RIFET: O ti di aṣọ́bodè nìyẹn.
ÈMI: Dá mi lóhùn.

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

RIFET: Inú ọkọ̀ ni mo wà, níbi ìgbọ́kọ̀sí etí odò Sava. Mo sùn. Mo jí. Mo tún sùn.
ÈMI: Ìwọ àti ta ni?
RIFET: Èmi nìkan ni, Mirsada. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń kà mí. Nílé, ìwọ náà ń kà mí. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó kà mí.

12.
Mo gbà á gbọ́ títí mo fi fọ abọ́ tán.

13.
ÌKÌLỌ̀ TUNTUN:
A KÒ NÍ LU ÒǸTẸ̀ MỌ́.
Ẹ̀rọ ni yóò máa ya ojú, tí yóò sì máa gba àmì ìka.

Rifet ló kà á fún mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dà bíi pé ó rẹ́rìn-ín.

14.
Nínú mọ́kànlá tó kù, ó ní òun máa lo mẹ́sàn-án. Ó ṣèlérí pé tààrà lòun máa wálé.

15.
Ọjọ́ kẹsàn-án.

11:05 RIFET: Mo ti ń sún mọ́ ẹnubodè.
11:06 ÈMI: Mo ti gbé oúnjẹ kaná.

Mi ò gbé nǹkan kan kaná. Ọkọ̀ ni mo wọ̀.

16.
Ibi ìgbọ́kọ̀sí, etí odò Sava tó jẹ́ ààlà, níhà tiwa. Ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn. Ó ti fa aṣọ bo fèrèsé. Mo gbé tèmi sẹ́yìn rẹ̀.

13:20 RIFET: Ọkọ̀ tò lọ súà. Mi ò tíì kọjá.
13:21 ÈMI: Kò burú. Rọra máa bọ̀.

17.
Aṣọ fèrèsé ọ̀tún mì.

Kò pẹ́, ti òsì náà mì: bóyá ẹnì kan, bóyá ẹni méjì.

18.
Mo tú bẹ́líìtì ìjókòó mi.

Mo tún dè é; mi ò ní kà á lónìí.